Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt (1915–1992): Ìyá Àwọn Nọ́ọ̀sì

Ní agbègbè Pobè àti Sakété, kò sí agbo ilé tí kò mọ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ni ó ń gba aláìsàn lẹ́nu ọ̀nà, òun ni ó ń fọ egbò, òun ni ó ń gún abẹ́rẹ́, òun náà ni ojú rẹ̀ kì í kan oorun lóru nígbà tí dókítà bá ti lọ sílé. Síbẹ̀, bí a bá ní kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ dárúkọ nọ́ọ̀sì Yorùbá kan tí ó ti kú, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kú, ọ̀pọ̀ ni yóò dákẹ́. Wọn yóò dárúkọ ọba, jagunjagun, olóṣèlú àti àlùfáà. Ìdí nìyẹn tí a fi mú ìtàn Ìyá Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt wá sí ojú ìwé yìí.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló pa obìnrin Èkó pọ̀ mọ́ àwa ará Pobè àti Sakété. Ìdáhùn wa kò gùn. Ní ọdún 1889 ni àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì jọ fi ẹnu kò lórí ààlà tí ó la ilẹ̀ Yorùbá kọjá níhà ibí. Tiwa bọ́ sí ọwọ́ Faransé, ti Ìlaró àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí wa ti yà sọ́tọ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ̀, èdè àti àìsàn kò yà. Ohun tí ọmọ Yorùbá kan bá ṣe lápá kan ààlà, ogún gbogbo wa ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìjà tí obìnrin yìí jà ní Ìbàdàn, ìjà tí àwọn nọ́ọ̀sì tiwa náà mọ̀ dáadáa ni.

Ìgbà èwe rẹ̀

Ìlú Èkó ni a ti bí i ní ọdún 1915. Augustus Alfred Scott ni bàbá rẹ̀, Elizabeth Ọmọwùmí, ọmọ ìdílé Johnson, sì ni ìyá rẹ̀. Ilé ọlọ́lá ni ilé náà, àwọn òbí rẹ̀ sì ní agbára láti rán ọmọbìnrin lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń rò pé ọmọkùnrin nìkan ni ìwé wà fún. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Kòfowórọlá ni orúkọ ọmọ tí a kò fi owó ra ọlá tirẹ̀. Àbẹ̀ní ni oríkì ọmọ tí a bẹ̀bẹ̀ kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá ka ìtàn yìí dé òpin yóò rí i bí orúkọ náà ṣe ro ọmọ.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ti ìjọ C.M.S. ní Èkó ni ó lọ. Láti ìgbà èwe ni ó ti ń fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Bàbá rẹ̀ ni ó pẹ̀tù sí i nínú pé kí ó gba ọ̀nà mìíràn, ìdí rẹ̀ sì hàn sí ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ìgbà náà. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, àwọn obìnrin òyìnbó ni ó ń di ipò gíga mú nínú iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn. Ọmọ ilẹ̀ wa lè fọ awo, ó lè tẹ́ ibùsùn, ó lè gbé omi gbígbóná, àmọ́ kò sí ọ̀nà tí yóò gbà dé ibi tí àṣẹ wà. Kí ni bàbá tí ó rán ọmọ níwèé yóò fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe fún ọmọ rẹ̀?

Ọmọ gbọ́ràn sí bàbá lẹ́nu. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni ti United Missionary College ní Ìbàdàn, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó sì padà sí ilé ẹ̀kọ́ C.M.S. tí òun fúnra rẹ̀ ti jáde láti kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìtàn, láti ọdún 1936 títí di 1940. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1941 ni ó fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Olú Pratt, apòògùn tí ó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Lójú ayé, ọ̀rọ̀ ti parí. Olùkọ́ ni, ó ti ní ọkọ, ó ti di abiyamọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ láti kékeré kò kúrò níbẹ̀.

Lọ́ńdọ̀nù, 1946

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní ilé ìwòsàn St Bartholomew's ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀nà là. Ní ọdún 1946 ni Kòfowórọlá wọ ilé ẹ̀kọ́ Nightingale tí ó wà ní ilé ìwòsàn St Thomas', létí odò Thames. Ó ti lé ní ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, ó sì lọ jókòó ti àwọn ọmọge tí kò ju akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ.

Kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ kan ṣá ni èyí. Ọdún 1860 ni Florence Nightingale dá a sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti kọ́ bí a ṣe ń sọ ìtọ́jú aláìsàn di iṣẹ́ tí ó ní ìlànà, ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí Kòfowórọlá dé, àpá bọ́ǹbù ogun Hitler ṣì wà lára ilé ìwòsàn náà. Oúnjẹ ṣọ̀wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, òtútù ń mú, iṣẹ́ sì pọ̀ ju ọwọ́ lọ.

Ibẹ̀ ni ó ti pàdé ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti pàdé lókè òkun. Aláìsàn kan kọ̀, ó ní kí nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú má ṣe tọ́jú òun. Ẹ rò ó wò ná: ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, tí kò lè dá omi bu fún ara rẹ̀, ni ó ń yan irú ọwọ́ tí yóò bu omi fún òun. Kòfowórọlá kò tìtorí rẹ̀ padà sílé. Ó ṣe ìdánwò ìpele àkọ́kọ́ ní ọdún 1948, ó ṣe àṣekágbá ní 1949, ó sì di nọ́ọ̀sì tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1950. Ó tún kọ́ iṣẹ́ ìgbẹ̀bí àti ìtọ́jú àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru kún un. Lẹ́yìn iṣẹ́, ó ń bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ WASU pàdé, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1925, níbi tí wọ́n ti ń jíròrò bí ilẹ̀ wa yóò ṣe gba òmìnira.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní àárín ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí ó yẹ kí a rántí. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1948 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera tí a mọ̀ sí NHS, tí olówó àti tálákà jọ ń gba ìtọ́jú láìsan owó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Kòfowórọlá wà nínú iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ṣáájú kí ó tó di ẹni tí ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ìlera, ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ìjọba lè pinnu bí àwọn aláìsàn yóò ṣe rí ìtọ́jú.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn olùwádìí

Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó pe Ìyá Pratt ní nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú NHS. A rọ àwọn olùwádìí wa pé kí wọ́n ṣọ́ra pẹ̀lú gbólóhùn yìí. Ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ tí a mọ̀ ní orúkọ ni, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni obìnrin Yorùbá àkọ́kọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọọba Adénrelé Adémọ́lá, ọmọ Aláké Ẹ̀gbá, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá, ti kọ́ iṣẹ́ náà ní ilé ìwòsàn Guy's, orúkọ rẹ̀ sì ti wọ ìwé àwọn nọ́ọ̀sì ní ọdún 1941. Wọ́n tilẹ̀ ya fíìmù nípa rẹ̀ nígbà ogun, fíìmù náà sì ti sọnù. Bí a bá ń du ipò àkọ́kọ́ fún ẹnìkan, ẹlòmíràn tí ó ṣíwájú rẹ̀ lè ti ibẹ̀ di ẹni ìgbàgbé. Ọlá Ìyá Pratt kò sì sí lórí ẹni tí ó kọ́kọ́ dé. Ohun tí ó ṣe nígbà tí ó padà sílé ni ọlá rẹ̀.

Ilẹ̀kùn tí a tì nílé

Ní ọdún 1954 ni ó padà sí Nàìjíríà, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí láti ilé ẹ̀kọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ lágbàáyé nínú iṣẹ́ rẹ̀ àti ìrírí ọdún mẹ́rin nínú iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ipò Sístà tí ń ṣe àkóso wọ́ọ̀dù ni ó tọ́ sí i. Wọ́n kọ́kọ́ fi dù ú. Àwọn òyìnbó tí a gbà láti òkè òkun ni wọ́n ya ipò náà sọ́tọ̀ fún.

Ibi yìí ni ó yẹ kí ẹni tí ń ka ìtàn yìí ti dúró. Ní Lọ́ńdọ̀nù, aláìsàn kan ni ó kọ̀ ọ́, ilé ìwòsàn sì jẹ́ kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀, òfin iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó kọ̀ ọ́. Ìbẹ̀rù tí bàbá rẹ̀ ní ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú ti ṣẹ. Ó lè padà sídìí iṣẹ́ olùkọ́ kí gbogbo ènìyàn sì yìn ín. Kò padà.

Láìpẹ́, ó rí iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Ìbàdàn, University College Hospital, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní UCH. Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni UCH ṣì ń lò nígbà náà, torí pé ọdún 1957 ni wọ́n ṣí ilé ńlá tuntun náà. Ìyá Pratt gòkè díẹ̀díẹ̀ láti orí àkóso wọ́ọ̀dù dé ipò igbákejì Matron. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé tí ó ti dé láti òkè òkun, ó ti di Matron UCH, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ ní ipò náà.

Àwọn ọ̀dọ́ òde òní lè má mọ ohun tí ipò Matron já mọ́. Ní ilé ìwòsàn irú ìyẹn, òun ni olórí gbogbo nọ́ọ̀sì. Òun ni ó ń pín wọn sí iṣẹ́ ọ̀sán àti iṣẹ́ òru. Òun ni ó ń bójú tó ìmọ́tótó, oúnjẹ aláìsàn, aṣọ ibùsùn, àti ìkọ́ni àwọn tí ń kọ́ṣẹ́. Bí ègbo kan bá jẹrà nítorí àìbìkítà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹjọ́ ń bọ̀. Nígbà tí ó wà ní ipò náà, ó ti ọwọ́ bọ iṣẹ́ kan tí ó le: bí àwọn òyìnbó ṣe ń lọ, kí ọmọ ilẹ̀ wa tí ó mọ iṣẹ́ náà dáadáa gba àyè wọn, kí ìtọ́jú má sì jó àjórẹ̀yìn. Ìgbà òmìnira ni. Àwọn kan ń retí pé bí aláwọ̀ dúdú bá gba ilé ìwòsàn, yóò wó. UCH kò wó. Ó di ilé ìwòsàn tí orúkọ rẹ̀ kàn jákèjádò ilẹ̀ Áfíríkà.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wọ yunifásítì

Èyí tí a kà sí iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò pẹ́ jù ni ti ọdún 1965. Ọdún náà ni ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ oyè, Ìyá Pratt sì wà nídìí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò tíì sí irú rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Kí ni èrè rẹ̀? Kí ó tó di ìgbà náà, ilé ìwòsàn ni a ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò sì jọ ti dókítà, ti agbẹjọ́rò tàbí ti olùkọ́ àgbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ àwọn olùkọ́ nọ́ọ̀sì, tàbí tí ó fẹ́ ṣe ìwádìí, òkè òkun ni ó ń lọ, bí ó bá rí owó. Nígbà tí yunifásítì gba ẹ̀kọ́ náà wọlé, nọ́ọ̀sì lè gba oyè, ó lè kọ ìwé ìwádìí, ó lè di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì lè jókòó pẹ̀lú àwọn dókítà níbi tí wọ́n ti ń pinnu bí ilé ìwòsàn yóò ṣe rí. Ohun tí bàbá kan kò rí fún ọmọ rẹ̀ ní Èkó ti wá wà fún ọmọ ẹlòmíràn. Bàbá mìíràn kò ní ìdí mọ́ láti sọ pé iṣẹ́ tí kò ní ọ̀nà àbájáde ni.

Ìyá Pratt mọ̀ pé oyè nìkan kò tó, pé iṣẹ́ tí kò bá ní ẹgbẹ́ àti ìwé kò ní ohùn. Ó wà lára àwọn tí ó fi ìdí ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn olóòtú ìwé àtìgbàdégbà Nigerian Nurse, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń kọ ohun tí wọ́n rí lẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba

Láti Ìbàdàn ni wọ́n ti mú un lọ sí Ilé Iṣẹ́ Ìlera ìjọba àpapọ̀ ní Èkó gẹ́gẹ́ bí Olórí Nọ́ọ̀sì gbogbo Nàìjíríà, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó jókòó sí ipò náà. Iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí ti wọ́ọ̀dù. Kì í ṣe aláìsàn kan ni ó wà níwájú rẹ̀ mọ́, bí kò ṣe orílẹ̀-èdè: iye nọ́ọ̀sì tí a nílò, ibi tí a ó ti kọ́ wọn, irú ẹ̀kọ́ tí ó tọ́, àti bí nọ́ọ̀sì yóò ṣe dé ìgbèríko. Ìgbà náà kò sì rọrùn, torí ogun abẹ́lé jà láti 1967 dé 1970.

Okìkí rẹ̀ kọjá ilé. Ìgbìmọ̀ Àgbáyé Àwọn Nọ́ọ̀sì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1899, fi í ṣe igbákejì ààrẹ. Ní ọdún 1971 ó di ààrẹ àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ní Nàìjíríà. Láti 1973 títí di 1975 ni ó jẹ́ Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó, lábẹ́ ìjọba Mọ́bọ́lájí Johnson. Ẹ kíyè sí i: ìlú kan náà tí wọ́n ti bí i, tí bàbá rẹ̀ ti sọ fún un pé nọ́ọ̀sì kò lè dé ibi àṣẹ, ni ó ti wá di aláṣẹ ìlera.

Ní ọdún 1973 kan náà ni àwọn Red Cross àgbáyé fún un ní àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale, èyí tí ó ga jù lọ tí wọ́n ń fún nọ́ọ̀sì. Ní 1975 wọ́n fi í joyè ní Ìṣẹrì. Ní 1979 ilé ẹ̀kọ́ gíga ti àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Royal College of Nursing, fi oyè ọlá dá a lọ́lá. Ó kú ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1992.

Ogún tí ó fi sílẹ̀ fún wa

Ní ọdún 1987, Justus Akinsanya, ọmọ Yorùbá tí òun náà jẹ́ nọ́ọ̀sì àti ọ̀mọ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, ó sì pè é ní Florence Nightingale ti Áfíríkà. Ẹ̀yẹ ńlá ni, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé náà, torí bí kò bá kọ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú ìtàn yìí ì bá ti ṣègbé. Síbẹ̀, àwa rò pé àkókò tó tí a ó máa pe Kòfowórọlá ní Kòfowórọlá. Florence Nightingale kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àwọ̀ ara kí ó tó rí wọ́ọ̀dù darí. Ìyá Pratt ja ìjà yẹn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an.

Lápá tiwa, ọ̀nà mìíràn ni ìtàn náà gbà. Lábẹ́ Faransé, Dakar ni àwọn ọ̀dọ́ Dahomey ń lọ láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn àti iṣẹ́ agbẹ̀bí láti 1918, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń padà wá sìn níbi tí ìjọba bá rán wọn sí. Lónìí, ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àti ti agbẹ̀bí ti wọ yunifásítì ní orílẹ̀-èdè Benin náà. Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Pratt tẹ̀ mọ́ àwọn èèyàn létí ní Ìbàdàn, pé ìmọ̀ ni iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ìránṣẹ́ ṣíṣe, ti di ìlànà ní ìhà méjèèjì ààlà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ẹ̀rí rẹ̀, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn àwọn tí ó ní ọgbẹ́ Buruli ní Pobè. Àìsàn tí ń jẹ ẹran ara ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko ni aláìsàn fi ń lo oògùn rẹ̀, egbò rẹ̀ sì lè gba oṣù púpọ̀ kí ó tó jinná. Dókítà ni ó ń pàṣẹ oògùn, òun ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń tú báńdéèjì lójoojúmọ́, tí ó ń fọ egbò, tí ó ń wò ó bóyá ó ń jinná tàbí ó ń burú sí i? Nọ́ọ̀sì ni. Àwọn ará Nàìjíríà sì ń rékọjá ààlà wá gba ìtọ́jú níbẹ̀. Ààlà 1889 kò dá ọgbẹ́ dúró, kò sì dá ọwọ́ tí ń wẹ ọgbẹ́ dúró.

Ohun tí ó kù ni ti àkọsílẹ̀. Ìyá Pratt rí ẹni kọ ìtàn rẹ̀. Mélòó ni nínú àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí àkọ́kọ́ ní Pobè, Sakété, Ifangni, Adja-Ouèrè àti Kétou tí ó rí ẹni kọ tiwọn? Àwọn tí ó gba ẹ̀bí ìyá wa, tí ó gún abẹ́rẹ́ fún bàbá wa, ọ̀pọ̀ wọn ti lọ, àwọn tí ó kù sì ti di arúgbó. A bẹ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pé bí irú wọn bá wà ní agbo ilé yín, ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́, ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́. Ẹ wá ìwé ẹ̀rí àti fọ́tò tí ó wà nínú àpótí kí ikán tó jẹ ẹ́. Ẹ mú wọn wá kí a jọ kọ wọ́n sílẹ̀.

A kì í fi owó ra ọlá, orúkọ obìnrin yìí ti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlá tí a kò bá kọ sílẹ̀ lè sọnù mọ́ wa lọ́wọ́. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ti àwọn ìyá wa sọnù.